Kì í ṣe ìṣẹ́gun ló so olólùfẹ́ mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó ti sú mi: pé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ti ń pàdánù, àwọn èèyàn rẹ̀ á tú ká, pé kí ẹgbẹ́ ṣáà máa na àwọn yòókù ni gbogbo ohun tó lè mú èèyàn dúró tì í. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni ti ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Kàrún-ún ọdún 2025, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi n'Íbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí eré pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Sunderland àti Sheffield United, ti ń du àyè kan ṣoṣo tó kù láti wọ Premier League. Sheffield ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Sunderland dá a padà nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àfikún ìṣẹ́jú ni wọ́n ti ń kà nígbà tí Tom Watson, ọmọ ọdún 19, fi ẹsẹ̀ rọ ìkejì wọlé. Kámẹ́rà yí sí àwọn èrò, a rí àgbà ọkùnrin tó ń da omijé, ọmọ kékeré rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Onígbàjámọ̀ mi pa kílípà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èrò! Wọ́n ń borí ni wọ́n ṣe wá. Tí ẹgbẹ́ bá ti ń fìdí rẹmi, ta ló fẹ́ dúró?"

Jẹ́sì Arsenal ló wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́sì náà ti gbó, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí. Láti ọdún 2004, nígbà tí Kanu tiwa ṣì wà níbẹ̀, Arsenal kò tíì gba ife líìgì títí di ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn, òun kò sì kúrò.

Mi ò fẹ́ fi àkókò ṣòfò lórí èyí tó hàn sí gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ Chicago Cubs, àwọn tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, gba ife ńlá ní 1908, wọn kò rí òmíràn gbà títí di 2016. Ọdún 108! Èèyàn bí ọmọ, ọmọ bí ọmọ, wọ́n ṣì ń lọ sí Wrigley Field. Green Bay Packers, tiwọn ni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń dé akoto gbá, kò wọ ìdíje tí wọ́n fi ń parí sáà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín 1968 sí 1992, bẹ́ẹ̀ láti 1960 ni tíkẹ́ẹ̀tì wọn ti ń tán pátápátá lọ́dọọdún. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí, nítorí nọ́ńbà kan wà tí àwọn tó gba èrò yìí gbọ́ máa ń gbé jáde, kò sì yẹ kí n dọ́gbọ́n fò ó. Ti Sunderland yìí gan-an ni. Ní 2017, wọ́n jábọ́ kúrò ní Premier League. Ọdún kejì rẹ̀, wọ́n tún jábọ́, wọ́n bá ara wọn ní líìgì kẹta. Iye èrò tí wọ́n ń kà nílé wọn ní sáà 2016 sí 2017 lé ní 41,000 lórí eré kọ̀ọ̀kan. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó já sí 27,000 àti díẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n pàdánù, èèyàn sá."

Ẹ jẹ́ ká tú u wò dáadáa. Kí ni nọ́ńbà yẹn ń kà gan-an? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ yìí kò mọ̀ nìyí, torí pé owó ẹnu géètì la mọ̀: o san, o wọlé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá tó pọ̀ jù nínú èrò pápá ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún sílẹ̀. Inú oṣù Kẹrin, Karùn-ún, Kẹfà ni wọ́n ti ń sanwó gbogbo eré ilé fún sáà tó ń bọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ bí sáà náà yóò ṣe rí. Àga kan ló ń jẹ́ tirẹ, ó ní nọ́ńbà, ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún àti lósì rẹ kò yí padà fún ogún ọdún. Tí o kò bá tún un san lásìkò, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, ẹlòmíràn yẹn ti tò sórí ìlà fún ọdún gbọọrọ.

Ìyẹn ni pé ìpinnu tí èèyàn ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2017 ló pọ̀ jù nínú nọ́ńbà 27,000 yẹn. Kí ló wà níwájú wọn nígbà náà? Ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn líìgì, kóòṣì tó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, àti Ellis Short tó ni ẹgbẹ́, tó ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló fẹ́ sanwó ọdún kan sílẹ̀ fún ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà àtijáde? Láti oṣù Kejìlá 2016 dé oṣù Kejìlá 2017, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan gbáko, Sunderland kò borí eré líìgì kan nílé ara wọn. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, èèyàn 27,000! Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń bá rìn, àwọn àga lásán ló yẹ kó kù.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n bọ́ sí líìgì kẹta, èrò sì pọ̀ sí i, ó lé ní 32,000 ní sáà 2018 sí 2019. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì 2018, àwọn 46,039 ló ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo wọn pẹ̀lú Bradford City. Onígbàjámọ̀ mi dá mi lóhùn níbí yìí pé nítorí pé wọ́n ń borí ní líìgì kékeré ni. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Lóòótọ́, nínú eré líìgì 46, márùn-ún péré ni wọ́n pàdánù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún kò rí ọ̀kankan nínú eré wọ̀nyẹn kí wọ́n tó sanwó. Ohun tí wọ́n rí ni èyí: ẹni tuntun ra ẹgbẹ́, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Oòrùn ti bó àwọn àga pupa pápá wọn títí wọ́n fi di aláwọ̀ osùn tó ti ṣá, ìtìjú sì ni lójú gbogbo ìlú. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ pààrọ̀ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2018, wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n wá. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni: wọ́n tú àwọn ògbólógbòó àga sílẹ̀, wọ́n gbé tuntun kalẹ̀, wọ́n dè é mọ́ ibi tí bàbá ẹlòmíràn ti ń jókòó kó tó kú. Ibi tí kòtò èédú Wearmouth wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ pápá náà sí, ère fìtílà awakùsà kan sì wà níta rẹ̀ títí dòní. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, tí òun náà de àga mọ́ orí rẹ̀, máa wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá nà wọ́n.

Wọ́n nà wọ́n, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní Wembley kan náà, ní sáà kan náà. Ní oṣù Kẹta 2019, Portsmouth fi pẹnáritì gba ife kan mọ́ wọn lọ́wọ́ níwájú èrò 85,000. Ní oṣù Kàrún-ún, Charlton gbá góòlù sí wọn nígbà tí rẹfirí ti fẹ́ fọn fèrè ìkẹyìn, àǹfààní àtigòkè bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò ní líìgì kẹta, títí wọ́n fi na Wycombe ní 2022, tí wọ́n sì gòkè. Nínú gbogbo rẹ̀, nígbà tí àrùn Kòrónà kò bá ti pápá, èrò kò fi bẹ́ẹ̀ wá sílẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 30,000.

Mo ní láti fi ọ̀kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi nọ́ńbà tan yín, àti èmi náà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ni àwọn ẹgbẹ́ púpọ̀ ń kéde. Wọn kì í ka ìdí tó wà lórí àga. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2018, yìnyín bolẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, inú ń bí àwọn ọmọ Arsenal sí kóòṣì wọn, Wenger, Manchester City sì wá nà wọ́n. Àga òfìfo kún pápá, gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ńbà tí wọ́n kéde lé ní 58,000. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ka iye èrò fún yín láti fi hàn pé olólùfẹ́ dúró, tàbí pé ó sá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó kà.

Ẹ wá bá mi wo ìgbà tí olólùfẹ́ dìde lọ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2016, Liverpool ń na Sunderland, bẹ́ẹ̀ ni, Sunderland yìí náà, 2 sí 0, nílé Liverpool. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 77, nǹkan bí olólùfẹ́ Liverpool 10,000 dìde, wọ́n jáde. Wọ́n ń borí nígbà tí wọ́n jáde o! Ohun tó lé wọn síta ni tíkẹ́ẹ̀tì kan tí ẹgbẹ́ fẹ́ máa tà ní pọ́n-ùn 77. Sunderland dá góòlù méjèèjì padà lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Kò pẹ́ lọ́sẹ̀ náà tí àwọn tó ni Liverpool tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì pa ètò náà tì. Àwọn ará Wimbledon ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn láyè ní 2002 pé kó kó lọ sí Milton Keynes, wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, AFC Wimbledon, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti líìgì kẹsàn-án. Ẹni tó ń wá ìṣẹ́gun kò lè lọ síbẹ̀ wá a.

N'Íbàdàn tiwa, ohun tí wọ́n ń sọ nípa Shooting Stars kò yàtọ̀: pé nítorí pé wọ́n jábọ́ ní 2017 ni pápá Lekan Salami kò ṣe kún bíi ti ayé àtijọ́. Mo mọ ayé àtijọ́ náà. Èmi jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbé sí èjìká lọ sí Adámásingbà. Mo mọ ohun tí ife Áfíríkà ti 1976 jẹ́ fún àwọn bàbá wa, àti ti 1992, èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ Abíọ́lá. Ṣùgbọ́n kó tó di 2017 rárá ni èrò ti ń dín kù ní ọ̀pọ̀ pápá Nàìjíríà. Àwọn sátẹ́láìtì ti gbé bọ́ọ̀lù òyìnbó wọlé. Ẹnikẹ́ni kò ní àga tó ń jẹ́ tirẹ̀ ní pápá. Mo rìnrìn àjò nígbà kan lọ wo eré ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo mú ọmọ mi dání. A dé géètì, wọ́n ní wọ́n ti sún eré náà sí ọ̀la. Ẹnikẹ́ni kò kéde fún wa. A kò tíì pàdánù lọ́jọ́ náà, torí a kò gbá rárá, ọmọ mi kò sì tún bi mí pé ìgbà wo la máa padà lọ.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé ìpàdánù kò já mọ́ nǹkan? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1976, Robert Cialdini, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Tí ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn bá borí lópin ọ̀sẹ̀, aṣọ tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń pọ̀ sí i lára wọn lọ́jọ́ Ajé, "àwa" sì máa ń pọ̀ lẹ́nu wọn ju ìgbà tí wọ́n bá pàdánù lọ. Àwa náà ń ṣe é. Tó bá dára, "A nà wọ́n!" Tí kò bá dára, "Wọ́n tún ti lọ ṣe é." Àwọn kan wà ní etí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú èsì eré, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó wà n'Íbàdàn tó ń ti Arsenal lẹ́yìn kò sì ní àga tàbí tíkẹ́ẹ̀tì tó dì í mú. Ní tirẹ̀, èmi rò pé àwọn tó ń bá a wo bọ́ọ̀lù ló dì í mú. Èèyàn laṣọ. Tó bá bọ́ jẹ́sì yẹn lónìí, báwo ló ṣe fẹ́ wọ ilé ìwòran lọ́la, nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí "Gunner", ọmọ Arsenal?

Ìdí tí mo fi ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó ti gbà pé ìṣẹ́gun ni gbogbo rẹ̀ kì í béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì, á dákẹ́. Wọ́n á gbé jẹ́sì tuntun mẹ́ta jáde lọ́dún kan, á rà á. Èyí tó burú jù ni tẹ́tẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ta tẹ́tẹ́ lórí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn. Ìfẹ́ kì í jẹ́ kí ojú ríran, àwọn tó ni ilé tẹ́tẹ́ sì mọ̀ ọ́n. Mo mọ ẹni tó fi owó ilé ìwé ọmọ lélẹ̀ nítorí ó dá a lójú pé "a" máa borí.

Onígbàjámọ̀ mi kò gbà pẹ̀lú mi lọ́jọ́ náà. Ó tan kílípà padà, ó ní kí n tẹ orí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọlé láti gba owó búrẹ́dì. Jẹ́sì Arsenal kékeré ló wọ̀, ó tóbi jù ú lọ, ó dé orúnkún rẹ̀. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní mẹ́sàn-án.

Bàbá rẹ̀ dá kílípà dúró sí ìpàkọ́ mi, kò sì sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.