Wákàtí 55 lọ́sẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni iṣẹ́ ń pa èèyàn?

Ohùn kan ti ń fò láti orí fóònù kan sí òmíràn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti kéde pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 lọ́sẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló ń lọ bá. Àwọn kan fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Àwọn tí kò láyà tó bẹ́ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí rèé, àti ohun tí mo fi dá wọn lóhùn.

Ṣé lóòótọ́ ni WHO sọ bẹ́ẹ̀?

Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àbùmọ́ ni ìyókù.

Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́?

Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa; ó lè jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló há mọ́.

Kí ni wọ́n wá sọ gan-an?

WHO àti ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, jọ ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2016. Iye tí wọ́n rí ni pé èèyàn 745,000 ló kú lọ́dún yẹn nítorí pé wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Rọpárọsẹ̀ pa 398,000 nínú wọn, àìsàn ọkàn pa 347,000, irú èyí tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn máa ń dí. Nínú ọgọ́rùn-ún tó kú, ọkùnrin ni 72.

Ohun tí ohùn orí fóònù yẹn kò sọ nìyí: ọjọ́ orí àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú wà láàárín 60 sí 79, àmọ́ ìgbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 45 sí 74 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣejù náà. Gbèsè ni. Ẹni ọdún 48 ló jẹ ẹ́, ẹni ọdún 65 ni wọ́n wá ká mọ́lé.

Ohùn yẹn ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún wa ni yóò ní rọpárọsẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Èyí ló kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Wọ́n fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè wé àwọn tó ń ṣe 35 sí 40. Ewu rọpárọsẹ̀ tiwọn fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yẹn lọ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, "ju ti àwọn yẹn lọ". Ká ní a kó ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń ṣe wákàtí 40 jọ, tí 20 nínú wọn sì ní rọpárọsẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń ṣe 55 ni a kó jọ, àwọn tó máa ní in yóò tó 27. Méje ló lé. Ìyẹn ni 35 tí wọ́n ń pè. (Àpẹẹrẹ ni mo fi 20 yẹn ṣe, kí ẹnikẹ́ni má tún lọ kà á sórí fóònù fún ará ìlú.) Ní ti kí àìsàn ọkàn pa èèyàn, ìdá 17 ni tiwọn fi lé.

Èèyàn lè wá sọ pé méje péré kò tó nǹkan. Fún ẹnì kan ṣoṣo, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lágbàáyé lọ́dún 2016 tó mílíọ̀nù 488, bíi mẹ́sàn-án nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà láyé. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ yẹn lé orí gbogbo wọn, ẹ ó rí ibi tí òkú yẹn ti wá.

Èmi ń ṣe wákàtí 45. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Fún àwọn tó wà láàárín 41 sí 54, ẹ̀rí tí àwọn olùwádìí rí kò tó kí wọ́n fi dájọ́.

Ta ló tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55?

Ẹ má fojú akọ̀wé báǹkì nìkan wò ó. Tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, wákàtí 11 lójúmọ́ ló máa fi dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ó lé díẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Tó bá jẹ́ ọjọ́ méje, kò tiẹ̀ tó mẹ́jọ. Ìyá tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ tó ń tì í ní aago méje alẹ́, tó tún ń yà síbẹ̀ bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, ti kọjá a tipẹ́. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì fún wákàtí 12 lójoojúmọ́ láìní ọjọ́ ìsinmi, 84 ni tirẹ̀. Télọ̀ lóṣù Kejìlá, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ìṣirò WHO ka gbogbo wọn, àtẹni tó ń gbowó oṣù àtẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀.

Wákàtí tí mo ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́, ṣé ó wà nínú ẹ̀?

Kò sí níbẹ̀. Wákàtí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n kà. Ara wa sì ń kà á.

Mo wà ní Berger lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aago márùn-ún kò tíì lù. Obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú dánfó, ó fi eyín di fóònù mú kí iná rẹ̀ lè tàn sí dígí ọwọ́ rẹ̀, ó ń lé tìróò. Ọkùnrin tó jókòó tì í ti sùn lọ. Bí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì, orí rẹ̀ á lọ gbá ìjókòó iwájú, kò sì jí. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo létí rẹ̀ gan-an: "CMS, CMS, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Kò jí.

Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin, tó sì ń wakọ̀ bọ̀ wálé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ojú rẹ̀ ti là fún wákàtí 17. Àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà gbé iṣẹ́ jáde lọ́dún 2000. Wọ́n ní bí ojú èèyàn bá ti là fún wákàtí 17 sí 19, bó ṣe máa ń ṣe nínú ìdánwò ìfarabalẹ̀ àti ìyára ọwọ́ kò sàn ju ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n yẹn ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń mú awakọ̀. Ẹni tí à ń sọ yìí kò dé ilé ọtí o; ọ́fíìsì ló ti ń bọ̀.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń dé ọpọlọ?

Ọ̀nà méjì. Èkíní, bí àìbalẹ̀ ọkàn kò bá dáwọ́ dúró, ara ò ní yéé tú èròjà tó ń mú ọkàn sáré àti ẹ̀jẹ̀ ru jáde, àwọn iṣan á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni ìwà tí iṣẹ́ àṣejù ń kọ́ni: oorun á dín kù, èèyàn á máa jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò lóúnjẹ ọ̀sán, sìgá tàbí ọtí á wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ò ní rìn.

Ẹ sì jẹ́ ká pe rọpárọsẹ̀ ní ohun tó jẹ́. Apá àti ẹsẹ̀ la fi sọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ inú orí ló ti ṣẹlẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ kan dí tàbí ó bẹ́ nínú ọpọlọ. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ọpọlọ ni, ọwọ́ òsì ló máa ń rọ. Kì í ṣe ọfà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Kó tiẹ̀ tó di rọpárọsẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2009 lórí òṣìṣẹ́ ìjọba 2,214 ní Ìlú Ọba rí i pé àwọn tó ń ṣe ju wákàtí 55 lọ gba máàkì tó kéré ju ti àwọn tó ń ṣe 40 nínú ìdánwò ọ̀rọ̀, làákàyè wọn sì tún lọ sílẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún. Ọ̀gá tó ń dá òṣìṣẹ́ dúró di aago mẹ́sàn-án nítorí kí iṣẹ́ lè mọ́ yanyan, kó tún èrò pa.

Ṣé àárẹ̀ ọpọlọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó? Bàbá mi roko títí, kò sọ pé ọpọlọ òun rẹ̀.

Bàbá yín ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bílẹ̀ bá sì ti ṣú, dandan ni kó wálé; kò sí ẹni tó máa fi méèlì jí i láàárín òru pé kó tún ebè kan kọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ òyìnbó, Abẹ́òkúta ni ìtàn náà ti gba ibi tó dùn. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n ní orí ń gbóná, bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ń kàwé, kò wọlé. Ojú ń ṣú wọn. Àwọn fúnra wọn ń pè é ní brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, Prince náà sì pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1994, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ kà á mọ́ àwọn àìsàn tó jẹ́ ti ẹ̀yà kan, bíi pé ilẹ̀ wa ló hù ú. Bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo gbólóhùn yẹn nílé tiwọn, fún ẹni tí iṣẹ́ ìwé bá mu ọpọlọ rẹ̀ gbẹ. Àìsàn wọn ni wọ́n kó wá, tí wọ́n tún wá kọ orúkọ wa sí i lára.

Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ tó sọ Aro di ibi tí ayé mọ̀, ló sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO ní 1973.

Burnout tí wọ́n tún ń pariwo rẹ̀, ṣé àìsàn ni?

WHO ní rárá. Ní 2019 làwọn oníròyìn gbé e káàkiri pé wọ́n ti kà á sí àìsàn, WHO sì ní láti jáde wá tún un sọ: ohun tí iṣẹ́ ń fà ni, kì í ṣe àìsàn. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kọ: ara tó ti tán pátá, iṣẹ́ tó ti sú èèyàn débi pé ó ń fojú ẹ̀gàn wò ó, àti iṣẹ́ tí kò yọrí mọ́.

Iléeṣẹ́ wa ti gba olùkọ́ yóògà. Ṣé ìyẹn ò tó?

Yóògà ò burú. Àmọ́ ní 2024, William Fleming ní Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí jáde lórí òṣìṣẹ́ 46,336 láti iléeṣẹ́ 233 ní Ìlú Ọba. Àwọn tó kópa nínú irú ètò báyìí, ẹ̀kọ́ ìfaradà, ohun èlò ìfọ̀kànbalẹ̀ orí fóònù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sàn ju àwọn tí kò kópa. Èyí tó dà bíi pé ó ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni iṣẹ́ àánú tí wọ́n bá yọ̀ǹda ara wọn fún. Ẹ dín iṣẹ́ kù, ẹ gba ẹnì kan kún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sílé lásìkò. Yóògà lè wá tẹ̀ lé e. Tí ọ̀gá bá ní ìyẹn máa ná òun lówó, ẹ sọ fún un pé ìṣirò WHO ni pé ọjọ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 12 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ń gbé lọ lágbàáyé lọ́dọọdún.

Ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń lò, mi ò lọ́gàá. Ṣé ọ̀rọ̀ ọpọlọ kàn mí?

Ó kàn yín, láti ọ̀nà etí. Ìgbìmọ̀ Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, tó jókòó lórí àìsàn tó ń jẹ́ kí iyè àgbàlagbà ra sọ ní 2024 pé ọ̀kan gbòógì ni etí tí kò gbọ́ràn mọ́ jẹ́ nínú ohun 14 tó ń fà á tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí. Tí oníbàárà tó dúró sí ìwọ̀n ọwọ́ nínà bá gbọ́dọ̀ pariwo kẹ́ ẹ tó gbọ́ pé ṣọ̀ǹbọ̀ òun ò kúnná, ariwo ẹ̀rọ yẹn ti pọ̀ jù. Òwú lásán ò dí i. Fóòmù kékeré tí wọ́n ṣe fún etí ni kẹ́ ẹ rà.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Òfin Iṣẹ́ kò dá iye wákàtí. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ fẹnu kò. Àmọ́ ó ní ẹni tó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi wákàtí kan, ó kéré tán. Kó rí ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje. Lẹ́yìn oṣù 12, kó gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Kò ka àwọn alákòóso àti amọṣẹ́dunjú mọ́ "òṣìṣẹ́" o, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé orúkọ oyè ńlá kọ́rùn, ẹ tún ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ yín kà. Òfin ọdún 2010 tó dá owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, mẹ́nu ba wàhálà ọpọlọ tí iṣẹ́ fà, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó kán nìkan.

Mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohùn orí fóònù. Ẹ kọ wákàtí tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ tiwọn, ọ̀gá náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Tó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ rí dókítà, tó bá sì kọ oògùn, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró nítorí pé ara ti yá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹ má dá nìkan lọ.

Tí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan níbi iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, ẹ wò ó bóyá ẹnu ti wọ́ sápá kan. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kẹ́ ẹ rí i bóyá ọ̀kan ń já bọ́. Ẹ ní kó sọ orúkọ ara rẹ̀. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yí padà lójijì, ilé ìwòsàn ńlá tààrà, kì í ṣe ilé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ pe ìyàwó rẹ̀. Ẹ má fún un ní omi, àgbo tàbí epo pupa. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé nǹkan mì mọ́, yóò sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un níka. Bó bá jẹ́ pé iṣan ló dí, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n máa ń lò ó. Nítorí náà, bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e sọ́kọ̀, kí ẹnì kan wo aago, kó sì kọ ìgbà tí ara rẹ̀ yá kẹ́yìn sílẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi yín nìyẹn.