Ẹ Má Tíì Pààrọ̀ Kábúrétọ̀ Ìjàpá Yín

Bàbá kan gbé Volkswagen Ìjàpá wọn wá sọ́dọ̀ mi. Èéfín dúdú ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń jẹ bẹntiróòlù bí ẹni ń fi ajere pọnmi. Mẹkáníìkì kan ti ní kí wọ́n lọ ra kábúrétọ̀ tuntun, ìyẹn ẹ̀yà tó ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. “Ọmọ mi, owó yẹn ò sí,” ni wọ́n wí. Mo wò ó: wáyà choke ló já.

Choke ni irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu kábúrétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á pa ẹnu náà dé kí afẹ́fẹ́ má wọlé jù, kí iná lè tètè mú bẹntiróòlù. Nínú Ìjàpá tó ń lo irú kábúrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní Solex 34 PICT-3, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ fà á. Sípíríǹgì kan, tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín, ló wà nínú ife kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣíná ọkọ̀, iná á mú un gbóná, á yí, choke á sì máa là díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró ṣánṣán.

Tí kò bá là, bẹntiróòlù á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, á tún ṣàn wọnú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn gan-an ló ń pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀kan: ó yẹ kí choke pa dé. Tó bá há, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù fọ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ má fi ọ́ìlì sí i, eruku ló máa fà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣíná, kí ẹ fi tẹ́sítà kan ẹnu wáyà tó ti ara kọ́ìlì (èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) wá sídìí ife náà. Tí iná bá wà níbẹ̀ tí ife náà ò gbóná, ife nìkan ni kẹ́ ẹ rà. Kí ẹ rí i pé volt 12 ni. 6 làwọn Ìjàpá àtijọ́ ń lò.

Síkúrù mẹ́ta ló di ife náà mú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: ìkọ́ kan wà lẹ́nu sípíríǹgì yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́ apá choke. Tẹ́ ẹ bá ń yí ife náà tí choke ò bá a mì, kò tíì kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ yí i títí choke yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé, kí ẹ wá dè é. Ẹ má fi agbára dè é o, irin kábúrétọ̀ rọ̀.

Àwọn kan a máa fi wáyà so choke kalẹ̀ ní ṣíṣí, wọ́n ní ilẹ̀ wa ò tutù. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Kí wọ́n gbìyànjú àtiṣíná láàárọ̀ ọyẹ́ ná.

Ní ti bàbá, mo so wáyà wọn padà, mo fọ púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú bí èédú, mo sì pààrọ̀ ọ́ìlì. Kábúrétọ̀ wọn àtijọ́ náà ló gbé wọn délé.