Ìka Ló Ń Yan Láptọ́ọ̀pù: Ibi Tí Àṣà Náà Ti Ṣẹ̀

Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù ṣì dá dúró lọ́tọ̀, ekukáká lẹ ó fi rí ẹni tó máa torí rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Bí èyí tó bá kọ̀ǹpútà orí tábìlì wá kò bá tẹ́ni lọ́rùn, a ó yọ wáyà rẹ̀, a ó so òmíràn mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọjọ́ tí wọ́n kan kíbọ́ọ̀dù mọ́ ara ẹ̀rọ ni wàhálà dé. Ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù ti gba kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o, títí ọjọ́ tí yóò fi jù ú nù. Gbogbo iyàn tí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn jà lórí kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìka sì ti mọ ohun tó ń fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù tó dé. Lọ́dún 1874 ni ẹ̀rọ táípúráítà tí Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, bọ́ sọ́jà lábẹ́ orúkọ Remington. Agbára ìka ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń gbé irin lọ lu bébà. Nígbà tí iléeṣẹ́ IBM fi máa gbé táípúráítà Selectric jáde lọ́dún 1961, iná mànàmáná ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, àmọ́ bọ́tìnì ṣì ń wọlẹ̀ dáadáa lábẹ́ ìka. Kọ̀ǹpútà IBM PC ti 1981 gbé ìwà yẹn lọ sórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Model M ti 1985 sì tẹ̀ lé e. Sípíríǹgì kan wà lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ó ń takú díẹ̀díẹ̀, ó wá yẹ̀ lójijì, ó dún kẹ̀, lẹ́tà náà sì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ìrìn bọ́tìnì náà kò ju bíi mìlímítà 4 lọ, síbẹ̀ ìka ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti ṣe kó tó kan ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti fi èyí kọ́ṣẹ́, ó ṣòro kó tó gba òmíràn.

Àwọn kọ̀ǹpútà àgbérìn àkọ́kọ́ kò tíì ní ìṣòro àyè fún kíbọ́ọ̀dù, torí wọ́n tóbi. Osborne 1 tó jáde lọ́dún 1981 wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 11, ìdérí rẹ̀ gan-an ni kíbọ́ọ̀dù. GRiD Compass ti 1982, tí Bill Moggridge yàwòrán ara rẹ̀, ló mú àṣà kí sìkírìnì máa ṣẹ́ lu kíbọ́ọ̀dù wá.

Ká ní kí n tọ́ka sí ẹ̀rọ kan tó dá àṣà kí èèyàn máa torí kíbọ́ọ̀dù yan láptọ́ọ̀pù sílẹ̀, TRS-80 Model 100 ni n óò tọ́ka sí. Iléeṣẹ́ Kyocera ló ṣe é ní Japan, àwọn ilé ìtajà Radio Shack sì ń tà á ní Amẹ́ríkà láti 1983. Kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìlà 8 péré ni sìkírìnì rẹ̀ lè gbà, lẹ́tà 40 lórí ìlà kan, bátìrì kéékèèké 4 ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tóbi bó ṣe yẹ, bọ́tìnì rẹ̀ ń lọ sókè-sódò bó ṣe yẹ. Àwọn oníròyìn ló gbá a mú. Wọ́n ń gbé e lọ síbi ìṣẹ̀lẹ̀, wọ́n ń tẹ ìròyìn lórí itan, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ gba ojú wáyà tẹlifóònù. Ẹ̀rọ tó lágbára jù ú lọ wà lọ́jà. Ìka wọn ló fọwọ́ sí èyí.

Lọ́dún yẹn kan náà, IBM kéde PCjr, kọ̀ǹpútà ilé tí bọ́tìnì rẹ̀ kéré, tó fi àlàfo sáàárín ara wọn, tó sì ń rọ̀ lábẹ́ ìka. Àwọn èèyàn fi bọ́tìnì náà wé ṣingọ́ọ̀mù, wọ́n bú u títí. Lọ́dún 1984, IBM ṣe kíbọ́ọ̀dù tuntun, ó sì fún àwọn tó ti rà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó jẹ́ kí ìyẹn rọrùn ni pé kíbọ́ọ̀dù PCjr kò lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ká ní láptọ́ọ̀pù ni, ẹ̀rọ odindi ni wọn ì bá máa dá padà.

Ní October 1991 ni Apple gbé láptọ́ọ̀pù PowerBook jáde, tí ó ti kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn lọ sítòsí sìkírìnì, kí ọrùn ọwọ́ lè rí ibi fara tì níwájú. Kí ìyẹn tó dé, etí iwájú gan-an ni bọ́tìnì máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Kò pẹ́ tí gbogbo iléeṣẹ́ fi tẹ̀ lé e. Ní ọdún kejì, IBM mú láptọ́ọ̀pù ThinkPad 700C wá, pẹ̀lú ọ̀pá róbótó pupa tí Ted Selker, olùṣèwádìí IBM, hùmọ̀ láàárín bọ́tìnì, kí ọwọ́ má bàa kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù nítorí àtitọ́ka sí nǹkan lójú sìkírìnì. Kíbọ́ọ̀dù ThinkPad, tí bọ́tìnì rẹ̀ tò ní ìlà 7, ni ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń fi wọn àwọn yòókù.

IBM tiẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. ThinkPad 701C ti 1995 kéré, íǹṣì 9.7 ni fífẹ̀ rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù tó sì yẹ ọwọ́ àgbàlagbà fẹ̀ tó íǹṣì 11.5. John Karidis, ẹnjiníà IBM, pín kíbọ́ọ̀dù náà sí méjì tó ń yọ́ rìn. Bẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ náà, apá méjèèjì á nà jáde bí ìyẹ́ labalábá, wọ́n á sì pàdé. N kò tíì rí ẹ̀rọ míràn tó bọ̀wọ̀ fún ìka báyìí. Kò pẹ́ tí sìkírìnì fi tóbi sí i, ni kò bá tún sí ìdí fún ọgbọ́n yẹn mọ́.

Ohun tó wá lékè nínú láptọ́ọ̀pù ni rọ́bà kékeré lábẹ́ bọ́tìnì, pẹ̀lú ike méjì tó kọjá lára wọn bí àlùmọ́gàjí, tí wọn kò jẹ́ kí bọ́tìnì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bọ́tìnì olálàfo tún padà wá, lórí Sony VAIO X505 àti lórí láptọ́ọ̀pù MacBook tí Apple ṣe lọ́dún 2006, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lọ́dún 2012, Lenovo, tó ti ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM lọ́dún 2005, fi irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ rọ́pò èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ ThinkPad, ó sì dín ìlà 7 kù sí 6. Ariwo tí àwọn oníbàárà àtijọ́ pa kò rọlẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tí ThinkPad pé ọdún 25 lọ́dún 2017, àkànṣe ẹ̀rọ tí Lenovo ṣe fún ayẹyẹ náà, kíbọ́ọ̀dù onílà 7 ló gbé wọ̀ ọ́.

Ìjà tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo ayé ni ti Apple. Lọ́dún 2015, nítorí kí MacBook lè tín-ín-rín, wọ́n gbé àlùmọ́gàjí jù sílẹ̀, wọ́n lo ìdè tuntun tí wọ́n sọ lórúkọ labalábá, tí kò bá ti Karidis tan rárá. Bọ́tìnì kò fi bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀ mọ́. Èyí tó burú jù ni pé eruku díẹ̀ lè há sábẹ́ rẹ̀, kí lẹ́tà kan kọ̀ láti jáde tàbí kó jáde lẹ́ẹ̀méjì. Láti tún un ṣe, wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ gbogbo òkè ẹ̀rọ náà àti bátìrì pọ̀. Ní June 2018, Apple bẹ̀rẹ̀ ètò àtúnṣe ọ̀fẹ́. Ní November 2019, MacBook Pro oní-íǹṣì 16 dá àlùmọ́gàjí padà. Nígbà tó di 2022, iléeṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 50 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ẹni tí kò bìkítà fún ìrìn bọ́tìnì rí wá ń béèrè iye mìlímítà rẹ̀ kó tó sanwó.

Mìlímítà nìkan kò sì tó. Kíbọ́ọ̀dù méjì lè rìn ní mìlímítà 1.5, kí ọ̀kan dùn, kí èkejì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ibi tí rọ́bà ti ń yẹ̀, bó ṣe ń ti ìka padà, bóyá pákó abẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín, bóyá bọ́tìnì olọ́fà kò kéré jù: ìwọ̀nyí kì í sí nínú ìwé ìpolówó. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń tẹ odindi ojú ìwé kan lórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó rà á, ní eré tí wọ́n máa ń sá gan-an, tí wọ́n á sì tẹ bọ́tìnì létí, kì í ṣe láàárín nìkan, láti mọ̀ bóyá yóò fì. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò ṣeé gbára lé, torí kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ni ìka ṣì ń wá.