Ibi tí ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe ti máa ń já lórí sáfà Unix

Ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe tó ti dáwọ́ dúró kì í pariwo. Sáfà á ṣì máa dáhùn, ojúlé wẹ́ẹ̀bù á ṣì máa ṣí, kò sì sẹ́ni tó máa fura pé ó ti pẹ́ gan-an tí àtúnṣe ààbò ti wọlé gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ tó dà bí ẹyọ kan yìí, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló so kọ́ra nínú rẹ̀. Aago á jí i, ẹ̀rọ á gba àkójọ orúkọ páákéèjì tuntun (páákéèjì ni ìdì tí wọ́n di ètò kọ̀ǹpútà sí), á yẹ ìfọwọ́sí àkójọ náà wò, á fa páákéèjì wálẹ̀, á fi wọ́n sórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ni àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tuntun. Ibikíbi nínú wọn ló ti lè já, ó sì yẹ ká mọ ibi tó ti já ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Aago ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí Debian àti Ubuntu, níbi tí apt ti ń bójú tó páákéèjì, apt-daily.timer ló ń gba àkójọ, apt-daily-upgrade.timer ló ń fi páákéèjì sórí ẹ̀rọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ fún ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè fi tó wákàtí 12 pẹ́ sí i, kí ẹgbàágbèje sáfà má baà ya bo ibi ìkópamọ́ páákéèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí nǹkan kan ò bá tíì ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò tíì sí àṣìṣe níbẹ̀. Àṣẹ systemctl list-timers máa sọ ìgbà tó ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn àti ìgbà tó tún kàn.

Aago lè jí dáadáa kí iṣẹ́ má sì wáyé. Nínú fáìlì /etc/apt/apt.conf.d/20auto-upgrades, bí iye tó wà níwájú Unattended-Upgrade bá jẹ́ 0, ẹ̀rọ ò ní fi páákéèjì kankan sípò. Lórí ẹbí Red Hat, dnf-automatic ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: bí wọ́n ṣe ṣètò fáìlì automatic.conf látilẹ̀wá, apply_updates wà ní no. Á fa páákéèjì wálẹ̀, á kó wọn jọ síbẹ̀, ó parí. Ti FreeBSD náà jọ ọ́. Àṣẹ freebsd-update cron á kọ́kọ́ sùn fún ìgbà díẹ̀ tí kò ju wákàtí kan lọ, á fa àtúnṣe wálẹ̀, á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí root, ìyẹn alábòójútó àgbà, ṣùgbọ́n èèyàn ló máa pàṣẹ install. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: bí a bá rí irú ètò báyìí lórí sáfà kan, ká yẹ gbogbo àwọn tí wọ́n dá láti ara àwòṣe kan náà wò.

Ní ti fífà wálẹ̀, ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni pé ó ń ṣiṣẹ́ bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pàṣẹ, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ lóru. Àdírẹ́sì proxy (sáfà alágbàtà tí ẹ̀rọ ń gbà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó wà nínú shell alábòójútó, ibi tó ti ń tẹ àṣẹ, ò sí lọ́wọ́ aago. Inú ètò apt fúnra rẹ̀, ní Acquire::http::Proxy, ló yẹ ká kọ ọ́ sí. Cron, ètò Unix tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò, náà kì í rí PATH (àkójọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ) tí èèyàn ń rí, ìdí nìyẹn tí àṣẹ tó wà ní /usr/sbin fi máa ń di àwátì fún un.

Ọjọ́ àti àkókò tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àkójọ tí apt ń gbà ní ọjọ́ lára. Bí aago sáfà bá sẹ́yìn, apt á ní àkójọ náà kò tíì tó lò. Bó bá sì ṣáájú jù, á lè sọ pé ó ti kọjá àkókò. Aago ni ká tún ṣe. Bí àṣìṣe bá sì jẹ́ NO_PUBKEY (kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yẹ ìfọwọ́sí wò kò sí) tàbí EXPKEYSIG (ó ti kọjá àkókò), kọ́kọ́rọ́ tuntun ni ká lọ gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ibi ìkópamọ́ náà. Àwọn kan á dámọ̀ràn pé ká kàn kọ trusted=yes. Ká má ṣe é rárá, torí ìyẹn ni pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rọ́nà fi ránṣẹ́, sáfà á gbé e mì.

Tó bá kan fífi sórí ẹ̀rọ, díìsìkì tó kún ló ń dá iṣẹ́ dúró jù, pàápàá /boot tí kernel (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) àtijọ́ ti kún inú rẹ̀. Ká lo df -h, ká tún lo df -i, torí inode (àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní) lè tán nígbà tí ààyè ṣì kù. Bí apt bá ní ètò mìíràn ló di lock-frontend mú, ìyẹn fáìlì tí kì í jẹ́ kí ètò méjì ṣiṣẹ́ lórí páákéèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ká wá ètò náà ká jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Pípa fáìlì náà rẹ́ lè ba àkọsílẹ̀ páákéèjì jẹ́. Iṣẹ́ tó já lágbedeméjì, dpkg --configure -a ló ń parí rẹ̀. Àwọn páákéèjì mìíràn sì wà tí ẹ̀rọ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀: èyí tí apt-mark dì mú, èyí tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípa fáìlì ètò tí èèyàn ti tún kọ, àti èyí tó wá láti ibi ìkópamọ́ tí a kò dárúkọ nínú 50unattended-upgrades. Àṣẹ unattended-upgrade --dry-run --debug máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun ló sì léwu jù lójú tèmi. Bí àkọsílẹ̀ bá ní OpenSSL (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò fi ń dáàbò bo ìsọfúnni) tuntun ti wọlé, ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ kó tó dé ṣì ń lo èyí àtijọ́ tó wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀, àfi tí a bá tún un bẹ̀rẹ̀. Ihò ààbò náà ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Needrestart máa ń tọ́ka irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ti kernel, ká fi ohun tí uname -r sọ wé èyí tó wà lórí díìsìkì, ká sì wò ó bóyá fáìlì /var/run/reboot-required wà. Unattended-upgrades kì í tún sáfà tàn fúnra rẹ̀ àyàfi bí a bá sọ Automatic-Reboot di true.

Dídúró de lẹ́tà àṣìṣe kò tó, torí iṣẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ rárá kì í kọ lẹ́tà. Kí ohun tó ń ṣọ́ sáfà máa ka ọjọ́ tí iṣẹ́ yọrí gbẹ̀yìn nínú /var/log/unattended-upgrades, kó sì pe èèyàn bí ọjọ́ náà bá ti pẹ́ jù.