Ṣúgà Kọ́ Ló Gun Ojú

Bí àtọ̀gbẹ bá fọ́ èèyàn lójú, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ṣúgà ti gun ojú. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú díẹ̀. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ṣúgà ti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín inú ẹyinjú jẹ́, ọ́síjìn ò dé ibẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ, ni sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ bá figbe ta. Igbe yẹn ni wọ́n ń pè ní VEGF. Purotéènì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ọ́síjìn ò tó? Ibí yìí ló dùn jù. Purotéènì mìíràn wà tó ń jẹ́ HIF. Sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é ní gbogbo ìgbà, ó sì ń bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ́síjìn gan-an ni wọ́n fi ń sàmì sí i lára pé pípa ni. Bí ọ́síjìn bá wọ́n, kò sí ohun tí wọ́n ó fi sàmì, HIF á ráyè pọ̀, á sì ní kí wọ́n tú VEGF síta. Ó jọ ìnákúnàá, bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ tó ń dà á nù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ bí àlejò bá já wọlé lójijì, ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Kaelin, Ratcliffe àti Semenza, tó tú àṣírí yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Bí igbe náà bá dé etí iṣan tó wà nítòsí, sẹ́ẹ̀lì kan lára rẹ̀ á yọ ìka wẹ́wẹ́ síta, á máa tọ ibi tí VEGF ti pọ̀ jù, bí ẹni tó ń fi imú wá ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà. Á sì kìlọ̀ fáwọn ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣáájú òun. Àwọn yẹn á máa pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, iṣan á máa gùn. Ìwọ̀n VEGF kì í ṣe ohun àfiṣeré: ní 1996 ni wọ́n rí i pé ọmọ eku tó pàdánù ẹyọ kan nínú ẹ̀dà jíìnì VEGF méjèèjì inú ara rẹ̀ kì í délẹ̀ ayé, inú oyún ló ń kú sí.

Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ké ni wọ́n ń dá lóhùn. Jẹjẹrẹ náà mọ igbe ọ̀hún í ké, ara á sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Judah Folkman, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ láti 1971 pé bí a bá dí ọ̀nà yẹn, ebi á pa kókó jẹjẹrẹ náà. Nínú ojú alátọ̀gbẹ, iṣẹ́ ìkánjú ni iṣan tuntun náà: ògiri rẹ̀ ò nípọn, ó ń jò, ẹ̀jẹ̀ á tú sójú.

Bevacizumab, oògùn tó ń dì mọ́ VEGF, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún jẹjẹrẹ ìfun ní 2004. Àwọn dókítà ojú náà ń lò ó: mílígíráàmù 1.25 péré ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú ẹyinjú. Ẹni tó ń gbà á sí ẹ̀jẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ní láti dá a dúró, ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì, torí ojú ọgbẹ́ náà á ké, kò sì ní sí ẹni tó máa gbọ́.