Ìbò tó ṣòfò àti àga tí a ò dìbò fún

Lọ́jọ́ kejì ìdìbò 2024 ní Ìlú Ọba, ìyá àgbà kan bi mí léèrè ní Peckham, ní London, pé, "Ọmọ mi, ẹni tí mo dìbò fún ò wọlé. Ṣé ìbò mi ti ṣòfò nìyẹn?" Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dùn mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ran àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní Ìlú Ọba. (Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀ nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, pásípọ́ọ̀tù wa náà sì tó fi hàn ní ibùdó ìdìbò. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀.)

Àgbègbè ìdìbò 650 ló wà. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní àgbègbè kan ló wọlé, kódà kó má tó ìdajì. Ní South West Norfolk lọ́dún náà, ìbò tí kò tó 27% ni Terry Jermy ti ẹgbẹ́ Labour fi gba àga aṣòfin lọ́wọ́ Liz Truss, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba rí. Lápapọ̀, 33.7% ni ẹgbẹ́ Labour ní, wọ́n sì kó àga 411. Ẹgbẹ́ Reform UK ní 14.3%, àga márùn-ún péré ló kàn wọ́n. Èmi ò fara mọ́ ohun tí Reform ń sọ nípa àwa àjèjì rárá, ṣùgbọ́n ìṣirò tó rẹ́ni jẹ, ìrẹ́jẹ ni, ẹni yòówù kó ṣe.

Olórí ìjọba tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ gbé wọlé ló tún ń fa orúkọ àwọn tó ń wọ House of Lords, ilé aṣòfin àgbà tí a kì í dìbò fún, kalẹ̀ fún ọba. Kò sófin tó sọ iye tí àwọn ọmọ ilé náà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìgbìmọ̀ kan ń yẹ orúkọ wọn wò, àmọ́ ìmọ̀ràn lásán ni tiwọn: ní 2020, Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà náà, yan ẹni tí ìgbìmọ̀ náà ní kó má yàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ tún House of Lords ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bí a ṣe ń dìbò.

Àwọn Lords ń ṣiṣẹ́ o. Wọ́n ń tú àbá òfin wò fínnífínní, wọ́n sì lè dá a dúró fún bí ọdún kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ká má dìbò fún wọn. Sẹ́nétọ̀ tiwa ní Nàìjíríà ní 1960 náà, yíyàn ni wọ́n ń yàn wọ́n. Àmọ́ láti 1979 la ti ń dìbò fún wọn.

Ní Ìlú Ọba, ní 2012, Nick Clegg, igbákejì olórí ìjọba nígbà náà, gbé àbá wá pé kí a máa dìbò yan 80% àwọn Lords. Aṣòfin 462 ní House of Commons, ilé aṣòfin tí a ń dìbò fún, fọwọ́ sí i, 124 kọ̀ ọ́, síbẹ̀ ìjọba jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn aṣòfin 91 nínú ẹgbẹ́ Conservative, tó wà nínú ìjọba náà, ṣọ̀tẹ̀.

Ìyá àgbà tó bi mí léèrè yẹn ní ọmọ kan tó ń gbé ní Glasgow, ní Scotland. Láti 2007, nọ́ńbà 1, 2, 3 ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ tí wọ́n bá ń dìbò káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) níbẹ̀, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì sábà máa ń wọlé ní wọ́ọ̀dù kan. Bí ẹni tó kọ 1 sí bá fìdí rẹmi, ìbò náà á ré kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kọ 2 sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò ṣe é fún àwa náà?"