Ṣé ẹni tó fò lè dúró sójú afẹ́fẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin ìrìn nínú Dungeons & Dragons

Fún ẹni tí kò bá ṣe eré yìí rí: Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Àwọn eléré á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á ní akọni tirẹ̀, adarí eré á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, dáìsì á sì pinnu bóyá ohun tí akọni dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i. Tí ìjà bá dé, wọ́n á to ère kéékèèké sórí bébà tí wọ́n fa àpótí sí. Àpótí kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5. Oníkálukú á ṣe tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án, tó bá sì kárí, ìyípo kan parí nìyẹn. Ìwé òfin ní ìṣẹ́jú àáyá 6 ni ìyípo kan. Àyàfi ibi tí mo bá ti sọ ọ̀tọ̀, ìwé òfin ọdún 2014 ni mò ń lò.

Ẹ̀gbọ́n, ènìyàn lásán ń rin ẹsẹ̀ bàtà 30 nígbà tó bá kàn án. Tó bá pa ohun gbogbo tì tó sáré, ó di 60. Mo ṣírò ó, yóò lò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ kó tó sá 100 mítà tán. Ṣé ara àwọn akọni yìí ò yá ni?

Ìṣirò rẹ ò yẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 33 ni. Usain Bolt fi 9.58 sá a ní Berlin lọ́dún 2009. Ọmọ iléèwé tó ń sá fún òjò gan-an á fi akọni wa sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìwé òfin ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ti ọdún 2000, ṣàánú wọn díẹ̀: ẹni tó bá ń sá tete lè dé 120, ìyẹn á gbé 100 mítà wá sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 16.

Ṣùgbọ́n 30 yẹn kì í ṣe ìwọ̀n eré ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àyè ló ń pín fún àwọn tó wà nídìí tábìlì, kí tafàtafà lè rí ọfà kan tàbí méjì ta kí onídà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wo ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Kí Gary Gygax àti Dave Arneson tó gbé eré yìí jáde, Chainmail ti wà láti 1971, eré ogun tí wọ́n fi ń ti àwọn ọmọ ogun kéékèèké lórí tábìlì, tí wọ́n ń fi rúlà wọn ìrìn wọn. Ìdí nìyẹn tí ìrìn fi jẹ́ ínṣì nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́. Nínú ìwé ọdún 1978, ínṣì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, àmọ́ ó di yáàdì 10 ní ìta. Kà á bó ṣe wà lórí ìwé gẹ́lẹ́: bí akọni bá ti yọ ẹsẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà, eré rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta lójú ẹsẹ̀!

Kí wá ni Peasant Railgun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀?

Ìbọn tí wọ́n fi àgbẹ̀ ṣe ni. Òfin gba ènìyàn láàyè láti dúró de nǹkan: “bí ẹni ẹ̀yìn mi bá ti na ọ̀kọ̀ sí mi, màá gbà á, màá nà á sí ẹni iwájú.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàá wá to àgbẹ̀ 2,000 lórí ìlà kan, àpótí kan fún ẹnì kan. Ìlà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì méjì. Ẹni àkọ́kọ́ na ọ̀kọ̀, ẹnì kejì gbà á, títí dé òpin, gbogbo rẹ̀ nínú ìyípo kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ rin ẹsẹ̀ bàtà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6, ìyẹn yára ju ìró ohùn lọ. Eléré á wá dìde dúró, á ní bí ẹni ìkẹyìn bá ti ju ọ̀kọ̀ yẹn, odi ìlú á fọ́ túútúú.

Wo ibi tó ti yí ọwọ́ padà. Láti orí àgbẹ̀ kìíní dé orí ẹgbàá, ìwé òfin ló ń kà, kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ìwúwo ọ̀kọ̀ tàbí ọwọ́ ènìyàn. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn ló pa ìwé dé, tó lọ mú ìwé físíìsì. Tó bá jẹ́ físíìsì la fẹ́ lò, àgbẹ̀ kẹta ni ọ̀kọ̀ náà yóò ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ òfin, òfin ti dáhùn: ọ̀kọ̀ tí a jù kò lè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 60, dáìsì olójú mẹ́fà kan ni a ó sì jù fún ìpalára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ tó sáré máìlì méjì wá, tí kò lè kọjá ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà mọ́! Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Èmi ò ní dá ẹni tó bá fẹ́ to àgbẹ̀ dúró. Kó tò wọ́n, kó ná wọn lówó, kó bọ́ wọn, kó wá ju dáìsì rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ìwé adarí eré ti ọdún 2024 dìídì sọ̀rọ̀ lé e lórí: òfin eré kì í ṣe òfin físíìsì, kí adarí eré má sì gbà kí wọ́n fi ìlà ènìyàn sọ ọ̀kọ̀ di mànàmáná.

Tí mo bá rìn láti igun àpótí dé igun kejì ńkọ́?

Ẹsẹ̀ bàtà 5 náà ni wọ́n á kà fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lé ní 7 tí o bá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Àpótí mẹ́fà báyìí jẹ́ nǹkan bí 42, 30 péré ni wọ́n sì kà. Ìwé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń ka ti àkọ́kọ́ sí 5, èkejì sí 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, èyí sì sún mọ́ òótọ́ gan-an. Ìwé 2014 fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Kò wù mí, ó ń fa ìjà dúró.

Mo ti rin 20 nínú 30 mi, mo wá fẹ́ fo kòtò ẹsẹ̀ bàtà 15. Agbára mi, tí òfin fi ń mọ bí mo ṣe lè fò jìnnà tó, jẹ́ 16, mo lè fò ó. Ṣé màá dúró sójú afẹ́fẹ́ títí yóò fi tún kàn mí ni?

Àwọn kan wà tí wọ́n á bá ọ jiyàn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé wàá rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ orí okùn, tí àwọn òmìrán á máa ṣe tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Rárá o. Ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí o bá fò, inú ìrìn rẹ ni a ti ń yọ ọ́. Bí ó bá ku 10, 10 náà lo lè fò, àfi tí o bá lo àǹfààní ìgbésẹ̀ rẹ láti fi kún eré. Adarí eré tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ èyí fún ọ kí o tó fò, nítorí akọni rẹ rí kòtò náà dáadáa ju ìwọ tó ń wo bébà lọ.

Ti ẹni tó bá já bọ́ tún yàtọ̀. Ìwé 2014 kò sọ bí ìjábọ́ ṣe ń yára tó. Xanathar's Guide to Everything, ìwé àfikún òfin ti ọdún 2017, ló sọ pé ẹsẹ̀ bàtà 500 ni lẹ́ẹ̀kan náà. Físíìsì, láìka atẹ́gùn sí, máa fún ọ ní nǹkan bí 580 fún ìṣẹ́jú àáyá 6. Àwọn méjèèjì ò jìnnà síra wọn rárá.

Ṣé òótọ́ ni pé mo lè máa sáré yí òmìrán ká láìjẹ pé ó gbá mi?

Òótọ́ ni. Ìgbà tí o bá jáde kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ló lè lù ọ́ lẹ́yìn. Nínú ìwé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kíkúrò nínú àpótí kan tí ọwọ́ rẹ̀ dé ti tó.

Ṣé a ò wá gbọ́dọ̀ ka òfin bó ṣe wà ni?

Kí ló dé? Ọ̀pọ̀ ìgbà, bó ṣe wà ni mo ṣe ń kà á, títí kan ibi tó bá pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣubú yóò fi ìdajì ìrìn rẹ̀ dìde. Ẹni tó ní 30 á ná 15, ẹni tó ní 60 á ná 30, ìyẹn ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ló ń san owó tó pọ̀ jù láti dìde nílẹ̀. Kò bá làákàyè mu, ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní ìbọn, kò sì pẹ́ kà. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.